Ìmọ́lẹ̀ Kan Ṣoṣo Lóru: Nígbà Tí Ilé Ìwòsàn Fẹ́ Ra Ilẹ̀ Ẹbí Wa

Ní ọjọ́ kejì Ojúde Ọba tó kọjá, nígbà tí aṣọ ẹgbẹ́ ṣì wà lórí okùn tí a sá a sí, tí ìkókoré àná ṣì kù nísàlẹ̀ ìkòkò, bàbá olórí ẹbí wa ránṣẹ́ pe gbogbo wa sí ìpàdé. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ kan bá wà tó kan gbogbo ẹbí, àsìkò yìí ni wọ́n máa ń gbé e kalẹ̀, nítorí pé àwọn ará Èkó, àwọn ará Ìbàdàn àti àwọn tó ti òkè òkun wá kò tíì padà. Ọ̀rọ̀ tí bàbá gbé kalẹ̀ kò gùn. Ilé-iṣẹ́ kan láti Èkó, tí ó ń kọ́ ilé ìwòsàn aládàáni sí àwọn ìlú kéékèèké, fẹ́ ra ilẹ̀ ẹbí wa tó wà létí títì ní abúlé wa, ní apá ìlà-oòrùn Ìjẹ̀bú-Òde. Owó tí wọ́n dá lé e pọ̀. Wọ́n sì fẹ́ gbọ́ èsì láàárín oṣù mẹ́ta.

Bàbá kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí ariwo fi sọ. Àwọn ọ̀dọ́ ń pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ní kí a yára tà á kí wọ́n tó yí ọkàn padà lọ bá ẹbí mìíràn. Ìyàwó ilé kan ní Ọlọ́run ló rán wọn sí wa, nítorí pé ilé ìtọ́jú alábọ́dé tó wà lábúlé kì í ní ju nọ́ọ̀sì kan lọ, òun náà kì í sì í sùn síbẹ̀. Àgbàlagbà kan fi ọ̀pá lu ilẹ̀, ó ní òun kò ní í bá wọn lọ́wọ́ sí títa ilẹ̀ baba òun fún ẹni tí yóò máa fi àìsàn àwọn ọmọ òun ṣòwò. Ẹbí ìyá mi ni ẹbí yìí, ṣùgbọ́n ní Ìjẹ̀bú tiwa, ọmọ tí obìnrin bí náà ní ohùn nínú ilé ìyá rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí bàbá fi kọjú sí mi.

Ó ní, "Ìwọ akọ̀wé, o ò tíì sọ nǹkan kan. Kí ni ìwé rẹ wí?"

Mo kúnlẹ̀ dá a lóhùn pé, "Ẹ jọ̀wọ́, bàbá, ìmọ̀ Yorùbá ni mo kà, n kò ka ti ìṣègùn, n kò sì ka ti òwò. Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n lọ wádìí."

Wọ́n fún mi. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ohun tí mo rí nínú ìwádìí náà, àti ohun tí ó ti wà lọ́kàn mi kí n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí.

Mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ohun tó mú mi dákẹ́ ní ìpàdé yẹn. Àbúrò ìyá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, jókòó ní òdìkejì mi, ọmọkùnrin rẹ̀ sì ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ilé. Ojú ọmọ yẹn ni mo ń wò.

Ọdún 2016 ni wọ́n bí i. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì nígbà náà. Ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí kan lábúlé ni Àǹtí bímọ sí lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Ọmọ ké, gbogbo wa yọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò dá. Agbẹ̀bí náà lo gbogbo ọgbọ́n tó ní, ẹ̀jẹ̀ kò dá. Nígbà tí aago mẹ́wàá alẹ́ fi lù, aṣọ mẹ́ta ti rin gbindin. Bùọ̀dá kan tó ní ọkọ̀ akérò gbé wa sínú ọkọ̀, a sì dorí kọ Ìjẹ̀bú-Òde. Kò sí iná mànàmáná lóru ọjọ́ náà. Nínú gbogbo ilé tí a kọjá lójú ọ̀nà, ibì kan ṣoṣo ni ìmọ́lẹ̀ wà: ilé ìwòsàn aládàáni kan tí ẹ̀rọ amúnáwá rẹ̀ ń kùn. Bùọ̀dá kò bi ẹnikẹ́ni léèrè, ó yà síbẹ̀.

Dókítà wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn ná kí n tó sọ èyí tó kù. Dókítà wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì méjì wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n lè fà sí ènìyàn lára sì wà nínú ẹ̀rọ amúǹkantutù wọn. Ṣùgbọ́n obìnrin kan jókòó nídìí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí a san owó àsansílẹ̀ kí wọ́n tó lè gbé e wọlé. Iye tó dá lé wa ju èrè tí ìyá mi ń rí lórí gààrí tó ń tà ní oṣù mẹ́ta lọ. Ìyá mi kúnlẹ̀ fún un. Obìnrin náà ní kì í ṣe ẹjọ́ òun, ó ní àṣẹ tí wọ́n pa fún òun nìyẹn.

Ẹni tó yọ wá ni alájọ. Ọkùnrin kan wà tó máa ń gba àjọ ojoojúmọ́ lọ́wọ́ ìyá mi àti àwọn obìnrin mìíràn lọ́jà. Ilé rẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀. Bùọ̀dá sáré lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Alájọ kó owó tó gbà lọ́jọ́ náà, owó olówó, sínú àpò ọ̀rá dúdú, ó sì sáré tẹ̀ lé e wá pẹ̀lú aṣọ tó fi ń sùn lọ́rùn. Láti ìgbà tí a ti dé ẹnu ọ̀nà yẹn títí di ìgbà tí wọ́n gbé Àǹtí wọlé, ogójì ìṣẹ́jú ti kọjá. Wọ́n dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó la ojú.

Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi ti pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn aládàáni. Ilé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí Àǹtí kú lẹ́nu ọ̀nà ni ilé kan náà tó gbà á là nígbà tó wọ inú. Bí alájọ kò bá sí nílé ńkọ́? Ṣùgbọ́n bí ìmọ́lẹ̀ yẹn kò bá sí rárá ńkọ́?

Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè pàtẹ́wọ́, tí n kò sì lè fi ọ̀pá lu ilẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ ìwádìí mi láti ilé. Mo fẹ́ mọ ẹni tó ti ń kọ́ ilé ìwòsàn fún ará oko kí ọ̀rọ̀ èrè tó dé. Ní ilẹ̀ wa, àwọn oníṣẹ́ Ọlọ́run ló kọ́kọ́ ṣe é. Àwọn fadá ìjọ Kátólíìkì ló dá ilé ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ ní Lantoro, Abẹ́òkúta, ní ọdún 1895. Lẹ́yìn wọn ni ìjọba gbà á. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọdé sí ara ètò ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọkùnrin kan tí inú mi dùn láti rí orúkọ ìlú wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀: Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1927, nígbà tí bàbá rẹ̀, Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti, ń ṣe ọ̀gá àgbà Ijebu-Ode Grammar School. Ó di dókítà àwọn ọmọdé. Ó sì jẹ́ mínísítà ètò ìlera láti ọdún 1985 sí 1992. Ohun tó gbé lékè ju ohun gbogbo lọ ni ìtọ́jú ìlera alábọ́dé: kí ilé ìtọ́jú kékeré súnmọ́ gbogbo ènìyàn, kí ọmọdé gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí ìyá mọ bí a ti ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru.

Ilé tó wà lábúlé wa, tí nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ń ṣọ́, ọmọ ìran èrò yẹn ni. Èrò náà kò burú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tí a bí tí a kò bọ́. Wọ́n kọ́ ilé, wọ́n kùn ún, wọ́n ṣí i pẹ̀lú ìlù, wọ́n sì gbàgbé pé ilé ìwòsàn a máa jẹun lójoojúmọ́. Oúnjẹ rẹ̀ ni oògùn, iná, omi àti owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́.

Nínú àlàfo yìí ni àwọn dókítà aládàáni ti dìde: dókítà kan, ilé kan, ìdílé rẹ̀ lókè, àwọn aláìsàn nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n bí sí irú ilé bẹ́ẹ̀. Dókítà mọ bàbá rẹ, ó mọ ibi tí ò ń gbé, ó lè jẹ́ kí o máa san owó díẹ̀díẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé nígbà tí dókítà bá darúgbó, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti di ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ìwòsàn náà a kú. Ilé-iṣẹ́ tó ní ẹ̀ka púpọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè ra oògùn papọ̀ fún gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ kí owó rẹ̀ lè dínkù. Bí dókítà kan bá lọ, ó lè fi òmíràn ránṣẹ́. Ó lè ra ẹ̀rọ tí agbára ẹnì kan ṣoṣo kò ká. Ṣùgbọ́n títí di òní, ibi tí owó ńlá bẹ́ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ wọ̀ ní Nàìjíríà ni Èkó. Evercare, tó ní ibùsùn 165, Lekki ni wọ́n ṣí i sí ní ọdún 2021. Ará abúlé wa tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ kò lè dé Lekki.

Nítorí náà, mo wá ibi tí irú òwò yìí ti gbilẹ̀ ní àwọn ìlú kéékèèké. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Kentucky, ní Amẹ́ríkà. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ ìbéèrè mi. Ó ní, "Àbúrò mi, adúgbò mi gan-an lo bèèrè yìí. Ìpínlẹ̀ tó múlé gbe wa ni àwọn ilé-iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀." Ohun tó sọ fún mi, àti èyí tí mo lọ kà lẹ́yìn náà, ni pé ní ìlú Nashville, ní ìpínlẹ̀ Tennessee, Dókítà Thomas Frist àti ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Jack Massey dá ilé-iṣẹ́ HCA sílẹ̀ ní ọdún 1968. Massey yìí wà lára àwọn tó ra òwò adìẹ díndín Kentucky Fried Chicken lọ́wọ́ ẹni tó dá a sílẹ̀, tí wọ́n sì mú un gbilẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe ni kí ilé ìwòsàn náà ní ẹ̀ka púpọ̀ lábẹ́ orúkọ kan.

Ilé-iṣẹ́ náà dàgbà gan-an. Ní ọdún 1999, ó ya àwọn ilé ìwòsàn rẹ̀ tó wà ní àwọn ìlú kéékèèké sọ́tọ̀, ó sì sọ wọ́n di ilé-iṣẹ́ tó dá dúró. Ọ̀kan nínú wọn ni LifePoint. Ilé ìwòsàn 23 ló fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tí LifePoint yàn láti ṣe kò fara sin: ìlú tí kì í ṣe ìlú ńlá ló ń wá, pàápàá ìlú tó jẹ́ pé ilé ìwòsàn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ó ń ra àwọn ilé ìwòsàn tí ará ìlú kò lè bọ́ mọ́, ó ń tún wọn ṣe, ó sì ń wá dókítà sí wọn. Ní ọdún 2011, ó bá ilé ìwòsàn yunifásítì Duke dòwò pọ̀, kí ìmọ̀ àwọn àgbà lè dé àwọn ìlú kéékèèké. Nígbà tí ó di ọdún 2018, ilé-iṣẹ́ Apollo, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkó owó àwọn olówó jọ láti fi ra ilé-iṣẹ́, rà á ní nǹkan bí 5.6 bílíọ̀nù dọ́là pẹ̀lú gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀, wọ́n sì so ó pọ̀ mọ́ òmíràn. Àwọn ilé ìwòsàn tó wà lábẹ́ rẹ̀ lé ní 80 nígbà náà.

Ẹ wo bí ó ti dàgbà láti 23! Mo bi ara mi pé, báwo ni owó ṣe lè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú títọ́jú àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ tí kò ní owó púpọ̀?

Ìdáhùn tó yà mí lẹ́nu jù wà nínú ọdún méjì. Ọdún 1965 ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin pé òun ni yóò máa san owó ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà àti ti ọ̀pọ̀ àwọn tálákà. Ọdún 1968 ni wọ́n dá HCA sílẹ̀. Ẹni tí yóò sanwó ti wà nílẹ̀ kí ẹni tó ń wá èrè tó dé. Nígbà tí àgbàlagbà kan bá wọ ilé ìwòsàn lóru ní ìlú kékeré kan ní Tennessee, ilé ìwòsàn mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí òun yóò lọ gba owó lọ́jọ́ kejì. Ní ọdún 1986, wọ́n tún ṣe òfin pé ilé ìwòsàn tó bá ń gba irú owó ìjọba yẹn kò gbọ́dọ̀ lé ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu sẹ́yìn nítorí owó. Ìjọba ń sanwó, ìjọba sì ń pàṣẹ.

Èyí kò sọ pé gbogbo nǹkan dára níbẹ̀. Nígbà tó fi di ọdún 2003, owó tí HCA ti san fún ìjọba Amẹ́ríkà lórí ẹ̀sùn jìbìtì tó rọ̀ mọ́ owó ìtọ́jú tó 1.7 bílíọ̀nù dọ́là. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìgbèríko, ti àwọn tó ń wá èrè àti ti àwọn tí kò wá èrè, sì ti pa yàrá ìgbẹ̀bí wọn dé. Ẹ̀gbọ́n mi sọ pé ní ìlú tí òun wà báyìí, wákàtí kan gbáko ni aláboyún fi ń wakọ̀ kí ó tó dé ibi tí yóò bímọ sí. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Ìbímọ kò pọ̀ mọ́ níbí, èyí tó wà kò sì mú owó wọlé. Orúnkún ló ń mú owó wọlé." Ó túmọ̀ rẹ̀ fún mi pé iṣẹ́ abẹ orúnkún àwọn àgbàlagbà ni òun ń sọ.

N kò lè gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn. Bí ilé ìwòsàn bá ṣí sórí ilẹ̀ wa, tí ó sì ní ẹ̀rọ ìyàwòrán ara, tí ó ní yàrá tútù fún àwọn olówó, ṣùgbọ́n tí wọ́n pa yàrá ìgbẹ̀bí dé lẹ́yìn ọdún márùn-ún, kí ni a jèrè fún Àǹtí?

Mo rí àpẹẹrẹ kan tó súnmọ́ tiwa ní ilẹ̀ Íńdíà. Dókítà méjì, Ashwin Naik àti Veerendra Hiremath, dá Vaatsalya sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Karnataka ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni ìfẹ́ òbí sí ọmọ. Òwò ni, wọn kò sì fi ìyẹn pa mọ́. Àwọn ìlú kéékèèké tí àwọn dókítà ń sá kúrò ni wọ́n yàn. Wọn kò kọ́ ilé aláràǹbarà. Wọ́n háyà ilé, wọ́n sì gbájú mọ́ ohun tí ará ìlú nílò lójoojúmọ́: ìbímọ, ìtọ́jú ọmọdé, iṣẹ́ abẹ kéékèèké, ìtọ́jú kíndìnrín. Ẹ̀ka wọn ju mẹ́wàá lọ kí ó tó di pé wàhálà owó bá wọn. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé òwò lè yan aláboyún láàyò bí ó bá fẹ́, ṣùgbọ́n kò rọrùn fún un láti dúró lórí ìpinnu yẹn bí kò bá sí ẹni tó ń ràn án lọ́wọ́.

Àwa Ìjẹ̀bú kò lè sọ pé èrè burú. Ta ni yóò gbà wá gbọ́? Òwò ni wọ́n fi mọ̀ wá láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n ìtàn tiwa gan-an ló kọ́ mi ní ohun tó yẹ kí a bẹ̀rù. Ní ayé àtijọ́, ọ̀nà tó ti etí ọ̀sà lọ sí òkè gba inú ilẹ̀ wa kọjá. Àwọn baba wa dúró ní ibodè. Wọ́n ń gba owó ibodè, wọ́n ń pinnu ẹni tí yóò kọjá, nígbà mìíràn wọ́n a sì ti ọ̀nà pa. Àwọn ará òkè tí ọjà wọn há sẹ́yìn ibodè kò dárúkọ wa ní rere. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà náà wà lára ohun tó mú kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbógun tì wá ní Ìmàgbọ̀n ní ọdún 1892. Ẹni tó ń ta aṣọ lọ́jà yàtọ̀ sí oníbodè. Bí aṣọ bá wọ́n lọ́dọ̀ rẹ, mo lè lọ sí ìsọ̀ kejì. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà, n kò lè bá oníbodè nájà. Ilé ìwòsàn kan ṣoṣo ní ìgbèríko, oníbodè ni. Àwọn tí wọ́n ń gbé aláìsàn bọ̀ lóru kò lè ná owó, wọn kò sì lè lọ sí ibòmíràn.

Ohun tí mo wá lóye ni pé obìnrin tó jókòó nídìí tábìlì lóru ọjọ́ yẹn kì í ṣe ìkà ènìyàn. Ní Nàìjíríà, àpò aláìsàn ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó ìtọ́jú ti ń jáde. Níbi tí kò bá ti sí ẹlòmíràn tí yóò sanwó, ilé ìwòsàn tó ń wá èrè yóò gbé tábìlì sẹ́nu ọ̀nà. Bí wọ́n bá kọ́ ilé ìwòsàn náà sórí ilẹ̀ wa láìsí ètò kankan, tábìlì yẹn ni yóò kọ́kọ́ dé ibẹ̀.

Òfin kò ṣàìsí o. Òfin Ìlera ti ọdún 2014 sọ ọ́ kedere pé ilé ìwòsàn kankan, ìbáà jẹ́ ti ìjọba tàbí ti aládàáni, kò gbọ́dọ̀ kọ̀ láti tọ́jú ẹni tó wà nínú pàjáwìrì. Ẹni tó bá rú u lè san owó ìtanràn tàbí kí ó lọ sẹ́wọ̀n. Ọdún méjì lẹ́yìn òfin yìí ni ìyá mi kúnlẹ̀ níwájú tábìlì. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé òfin wà. Ní ọdún 2022 náà ni òfin tuntun sọ ètò adójútòfò ìlera di ọ̀ranyàn fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, Ìpínlẹ̀ Ògùn sì ní àjọ tirẹ̀ tó ń bójú tó o. Àjọ ojoojúmọ́ tí àwọn ìyá wa ń dá ni adójútòfò jọ: gbogbo wa ń dá díẹ̀díẹ̀ kí ẹni tí ìṣòro bá kàn lè rí kó. Alájọ tó gba Àǹtí là lóru ọjọ́ yẹn ṣe iṣẹ́ adójútòfò láìmọ̀. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé a fi ogójì ìṣẹ́jú wá a kiri.

Ẹ̀kọ́ ìkẹyìn tí mo kọ́ wá láti ìlú Danville, ní ìpínlẹ̀ Virginia. Iṣẹ́ tábà àti iṣẹ́ aṣọ híhun ló gbé ìlú náà ró tẹ́lẹ̀, kí nǹkan tó yí padà. Ní ọdún 2005, wọ́n ta ilé ìwòsàn ìlú wọn fún LifePoint. Wọn kò pín owó náà. Wọ́n fi nǹkan bí 200 mílíọ̀nù dọ́là dá àjọ kan sílẹ̀, Danville Regional Foundation, tí ó ń ná èrè orí owó náà sórí ìlera, ẹ̀kọ́ àti ọrọ̀ ajé àwọn ará ìlú. Nígbà tí mo kà á, mo pa ìwé dé, mo sì mọ ohun tí n ó sọ fún ẹbí.

A tún pàdé. Aṣojú ilé-iṣẹ́ náà wá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ̀wàá hù, tó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà kí ó tó jókòó. Mo ka ohun tí a kọ sílẹ̀ sí i létí. Àkọ́kọ́, a kò ní í ta ilẹ̀, a ó háyà rẹ̀ ni, kí ó lè padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ wa. Èkejì, wọn yóò tọ́jú ẹni tó bá wà nínú pàjáwìrì kí wọ́n tó bèèrè owó, bí òfin ti wí. Ẹ̀kẹta, wọn yóò gba àwọn tó bá forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ adójútòfò ìpínlẹ̀ wa. Ẹ̀kẹrin, wọn yóò kọ iye owó ìtọ́jú sára ògiri ní èdè Yorùbá. Ẹ̀karùn-ún, wọn kò gbọ́dọ̀ pa yàrá ìgbẹ̀bí dé. Bí wọ́n bá pa á dé, àdéhùn ilẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni mo kọjú sí ẹbí pé kí ìdajì owó ilẹ̀ tí yóò máa wọlé lọ́dọọdún máa lọ sí owó adójútòfò àwọn tí kò lágbára lábúlé. Ẹ̀gbọ́n mi ará Èkó fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè. A jiyàn títí, a sì fi ẹnu kò sí ìdá mẹ́ta owó náà, pé ìdá kan nínú rẹ̀ ni yóò máa lọ síbẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gba mẹ́rin nínú àdéhùn márùn-ún. Nígbà tó kan yàrá ìgbẹ̀bí, ó gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, bàbá. N kò ní í purọ́ fún yín. Ìbímọ kì í fi bẹ́ẹ̀ mú owó wọlé. Àfi kí n lọ bi àwọn ọ̀gá mi." Mo bọ̀wọ̀ fún un nítorí òtítọ́ rẹ̀.

Àwọn kan ní kí a yọ ti ìgbẹ̀bí kúrò kí ọ̀rọ̀ náà má baà bàjẹ́. Ìgbà náà ni bàbá olórí ẹbí ní kí Àǹtí sọ̀rọ̀. Kì í sábà sọ̀rọ̀ ní ìpàdé. Ó dìde, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó ní:

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá kọ́ ọ. Èmi ò lè sọ pé kí wọ́n má wá, nítorí lóru ọjọ́ tí mò ń kú lọ, ìmọ́lẹ̀ wọn nìkan la rí. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Ẹ rò pé mi ò gbọ́. Mo gbọ́ iye tí wọ́n dá lé mi. Ẹ kọ ti ìgbẹ̀bí yẹn sínú ìwé. Bí wọn ò bá fọwọ́ sí i, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ."

Kò sí ẹni tó tún sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá ní kí n mú bírò, ẹ̀karùn-ún kò kúrò nínú ìwé.

Títí di àsìkò tí mo ń kọ èyí, ilé-iṣẹ́ náà kò tíì fèsì. Wọ́n lè gbà, wọ́n sì lè lọ bá ẹbí mìíràn tí kò ní bi wọ́n ní ìbéèrè. Bí ó bá jẹ́ ẹbí tiyín ni wọ́n wá bá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi wọ́n. Kí ó tó di ìgbà náà, mo ti forúkọ ìyá mi àti ti Àǹtí sílẹ̀ fún adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ wa, mo sì ti kọ ohun tí òfin 2014 wí sórí ìwé pélébé kan ní èdè Yorùbá, kí wọ́n lè mú un dání. Ìyá mi ń kó tirẹ̀ pọ̀ mọ́ káàdì àjọ rẹ̀ nínú àpò owó kan náà. Ó ní kò sí ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì.